Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ògùṣọ̀ London 2012 kan ní Àjàṣẹ́, ìfọ̀mọ́ rẹ̀ àti àpótí gíláàsì rẹ̀

Ohun tí wọ́n gbé wá ni ògùṣọ̀ Òlíńpíìkì kan, ti London 2012. Sárésáré ọmọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ló ni ín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé nígbà náà, ibẹ̀ ló ti gbé e sáré, ó sì gbé e wálé nígbà tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà, ara ògiri pálọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ló wà, ilé amọ̀ alájà kan ní àárín ìlú, irú èyí tí àwọn Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Brazil, fi sílẹ̀. Ohun tí ẹbí ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kó dán bíi tuntun. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti dojú rú kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ògùṣọ̀ tó bá dán bíi tuntun kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbé sáré rí.

Oríṣi ìdọ̀tí méjì ló wà lára irú ohun ìrántí báyìí. Ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ eré: dúdú èéfín ní ẹnu ibi tí iná ti jáde, àti ibi tó ti fara gbún nǹkan lójú ọ̀nà. Èkejì jẹ́ ti ilé: epo ọwọ́ àlejò, eruku ọyẹ́, funfun tí ògiri fi lé e lára, àti ohun tí àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ fi pa á. Ti ilé ni kó kúrò. Ti ọjọ́ eré gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí ló tẹ̀lé ìpinnu náà, a sì jẹ́ kí ẹbí fọwọ́ sí i kí a tó fi omi kàn án.

Nípa ògùṣọ̀ fúnra rẹ̀. Edward Barber àti Jay Osgerby ló ya àwòrán rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 800 mm, ìwúwo rẹ̀ 800 g. Aluminiọ́mù ni, awọ méjì, ọ̀kan lóde, ọ̀kan nínú. Ó ní igun mẹ́ta, ó sì fẹjú lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ihò 8,000 ni wọ́n fi lésà lu sí i lára, nítorí àwọn 8,000 ènìyàn tó gbé iná náà káàkiri Bìrìtéènì fún 70 ọjọ́, láti 19 oṣù karùn-ún títí di 27 oṣù keje ọdún 2012. Olúkúlùkù ló ní ògùṣọ̀ tirẹ̀. Iná ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, kì í ṣe ògùṣọ̀ fúnra rẹ̀. Nǹkan bíi 300 mítà ni ẹnì kan ń bá a lọ. Àwọn ihò náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán: wọ́n dín ìwúwo kù, wọ́n ń jẹ́ kí ooru jáde kó tó dé ọwọ́ ẹni tó dì í mú, ọwọ́ tó ń làágùn kì í sì í yọ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò tí ooru ń gbà jáde ni eruku Àjàṣẹ́ ń gbà wọlé. Àwọ̀ wúrà ara rẹ̀ kì í ṣe wúrà o. Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo aluminiọ́mù ni. Ibi tó bá ti họ ti họ nìyẹn.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: gáàsì, àwòrán, òṣùwọ̀n

Ògùṣọ̀ tí àwọn bàbá wa mọ̀, ìhá ẹyìn ni wọ́n fi ń ṣe é, bó bá ti kú, ó kú nìyẹn. Èyí ń jó propane pọ̀ mọ́ butane láti inú agolo kékeré kan nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ̀ bóyá agolo ṣì wà nínú. Ẹ má fi ìṣáná wò ó, ẹ má sì fi imú nìkan wò ó. A gbé e jáde síta, a tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: agolo kò sí níbẹ̀, orí iná nìkan ló kù. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, a kì bá tí tú u, a kì bá tí gbé e sínú oòrùn, a kì bá sì tí gbé e sínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé, nítorí gáàsì méjèèjì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ sí, wọ́n á wá dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa dáná.

Àwòrán 36 la yà: ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a pín ojú kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́wàá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú mẹ́fà fún ẹnu àti ìdí. Rúlà wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. A ya ìlà rẹ̀ sórí bébà, a sì fi pẹ́ńsù kun ibi tí àléébù wà.

Àléébù tí a rí rèé. Dúdú èéfín wà ní ẹnu, ó yí ẹnu náà ká, ó fẹ́lẹ́. Ibì kan ti jìn wọnú nítòsí ìdí. Ẹni tó ni ín mọ ibi tó ti rí i, lójú ọ̀nà níbẹ̀ ni. Epo ọwọ́ ti di ìdámẹ́ta ìsàlẹ̀ pa, ìyẹn ibi tí gbogbo àlejò ń dì mú láti ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni ihò púpọ̀ níbẹ̀ ti kún fún ohun funfun kan. Ojú kan nínú mẹ́ta ní ohun funfun bíi ìyẹ̀fun láti òkè délẹ̀, ojú méjì yòókù kò ní. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé àárín, ìlà funfun kan yí i ká bí ìgbànú, ó jìn díẹ̀, èékánná ń kọ́ ọ.

Ojú kan tó funfun tí méjì kò funfun, ìdí gbọ́dọ̀ wà. Ojú tó kọjú sí ògiri ni. Ẹfun tí àwọn bírikìlà ń pè ní "chaux" ni wọ́n fi kun ògiri náà, ilé amọ̀ sì máa ń fa omi láti ilẹ̀ wá sókè nígbà òjò. Ẹfun tó bá tutù máa ń hu ìwà omi eérú, omi eérú sì ń jẹ aluminiọ́mù. Láàárín pH 4 sí 8.5 (pH ni òṣùwọ̀n kíkan àti ìwà eérú; bó bá ṣe ń ga ni ìwà eérú ń pọ̀) ni awọ ààbò tí aluminiọ́mù ń ṣe fúnra rẹ̀ ti ń dúró. Ẹfun tútù lè dé 12. Sìmẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà ìgbànú ní tirẹ̀, wáyà ló fà á: wáyà iná tí wọ́n bó, ìyẹn bàbà, ni wọ́n fi so ó kọ́ sára ìṣó. Bàbà àti aluminiọ́mù kò gbọdọ̀ fara kanra níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà oníyọ̀ bá ń fẹ́. Omi díẹ̀ láàárín wọn ti tó láti di bátìrì, aluminiọ́mù ló sì ń san gbèsè rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ohun ìrántí yìí, kó lọ wo ohun tó fi so ó lónìí.

Ohun funfun inú ihò kì í ṣe ti ògiri. Ìpara tí wọ́n fi ń nu bàbà ni, tó ti gbẹ. Ẹnì kan ti fi pa á nígbà àpèjẹ kan, ó sì ti bó àwọ̀ wúrà lẹ́nu igun kan, bí ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́ta. Iyanrìn kíkúnná wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, amóníà sì wà nínú òmíràn. Fún abọ́ bàbà àti agogo, ó dára. Fún èyí, bó ṣe ń dán náà ló ń tán.

Ọjọ́ kejì: gbígbẹ kí omi tó dé

Eruku gbígbẹ la kọ́kọ́ yọ. Eruku tí omi bá kàn di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ inú ihò 8,000 kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wá. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí àwọn akunlé ń lò, fífẹ̀ 25 mm, la fi gbá a láti òkè sí ìsàlẹ̀. A fi rọ́bà roboto tí wọ́n fi ń fa imú ọmọ ọwọ́ fẹ́ ihò. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn fẹ́ ẹ: omi àti epo wà nínú atẹ́gùn yẹn, agbára rẹ̀ sì lè ti ìdọ̀tí wọ àárín awọ méjèèjì, níbi tí ohunkóhun kò ti lè yọ ọ́ mọ́.

Kí búrọ́ọ̀ṣì má baà kan dúdú èéfín, a fi òwú funfun kan so ààlà rẹ̀ yíká. Téépù ni ọwọ́ máa kọ́kọ́ nà sí, ṣùgbọ́n téépù lè ṣí àwọ̀ wúrà kúrò nígbà tí ẹ bá ń ya á. Òwú la so. Òkè òwú, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án títí iṣẹ́ fi parí.

Ọjọ́ kẹta: omi, ọtí, oparun

Omi ẹ̀rọ àti omi kànga kò wọ inú iṣẹ́ yìí. Omi tí a lò ni èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ike rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Lórí pẹpẹ kan náà ni wọ́n ń to "eau distillée" àti ásíìdì bátìrì sí, ike wọn sì jọra. A ra lítà márùn-ún, mẹ́ta la lò.

Ọṣẹ: ọṣẹ ìfọbọ́ olómi tí kò láwọ̀, ẹ̀kán márùn-ún nínú lítà kan. Ọṣẹ dúdú ni màmá ilé kọ́kọ́ mú wá, wọ́n sì ní ìdí, torí kò sí ohun tí ọṣẹ dúdú kì í fọ̀ nínú ilé Yorùbá. Ṣùgbọ́n eérú ni ìpìlẹ̀ ọṣẹ dúdú. Ohun tí ògiri ti ṣe fún ọdún mẹ́wàá, ọṣẹ dúdú máa fi kún un láàárọ̀ kan. Ọsàn wẹ́wẹ́, kànrìnkàn onírin àti eérú tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, gbogbo wọn la kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

A dán ọtí wò kí a tó lò ó. Ọtí ilé egbòogi oníwọ̀n 90 ni, a sì wò ó pé kò ní kánfọ̀ tàbí àwọ̀ nínú. Ẹ̀kán kan lórí òwú, ní inú ìdí níbi tí ojú kò tó, ìṣẹ́jú méjì: òwú kò mú àwọ̀ wúrà kankan. Ó dára, a lè lò ó. Bí òwú bá pọ́n tàbí bó bá mú àwọ̀, kí ẹ dúró lórí omi ọṣẹ nìkan.

Bí a ṣe ṣe é ní ìdámẹ́ta ìsàlẹ̀: aṣọ òwú tí a tẹ̀ bọ omi ọṣẹ tí a sì fún gbẹ, a nu ún sí apá kan, a kì í yí i róbótó, aṣọ mìíràn pẹ̀lú omi lásán, aṣọ kẹta pẹ̀lú ọtí fún epo tó kù. Bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ibọ̀wọ́ rọ́bà tín-ín-rín ni a wọ̀; ibọ̀wọ́ òwú ń kọ́ ihò, ó sì ń yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ihò. A gé oparun sí ṣóńṣó, a wé òwú díẹ̀ mọ́ ọn, a tì í bọ ihò, a yí i lẹ́ẹ̀kan, a yọ ọ́, a pààrọ̀ òwú. Èyí tó dí nìkan la ṣe, ó sì lé ní ẹgbẹ̀ta. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì gbáko ni fún ẹni méjì. Abẹ́rẹ́ irin yóò yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì họ ẹnu gbogbo ihò tó bá wọ̀.

Funfun tí ògiri fi lé e: oparun ṣóńṣó lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, a rọra ha á, a fi òwú tó ní omi gbé e kúrò. Ìyẹ̀fun náà kúrò. Kòtò kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè kúrò, a kò sì dí i. Ibi ìgbànú bàbà jìn jù. Dídá a dúró nìkan la lè ṣe, kó má jẹun síwájú. A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú omi lásán kí iyọ̀ lè jáde, a sì gbẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbẹrun tí a yí sí ooru kékeré, bí 20 cm sí i, fún ogún ìṣẹ́jú, a ń yí i káàkiri. Omi tó bá kù láàárín awọ méjèèjì ló máa tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó tún dúró níwájú fáànù di ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè tí ó máa ń wá lẹ́yìn èyí ni pé kí la ó fi pa á. Kò sí. Òrí àti àdín ń di kíkan, wọ́n sì ń di eruku mú. Ìda oyin ní ásíìdì tirẹ̀. Ìda ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ púpọ̀ ní iyanrìn ìdán nínú. Ìda àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà, tó dára, ṣùgbọ́n nínú ihò báyìí yóò dúró di funfun bíi ti ìpara bàbà. Àpótí ni yóò dáàbò bò ó.

Ibi tó jìn wọnú náà, káfíńtà irin kan ní òun lè fi igi tì í jáde. Ó lè tì í jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin láàárín ihò àti ihò kò nípọn; bí a bá tì í padà, ìlà á là láti ihò sí ihò bí ìgbà tí a ya sítáǹbù. Yàtọ̀ sí èyí, ti ọjọ́ eré ni. A fi í sílẹ̀. Igun tí àwọ̀ wúrà ti bó náà, a kò fi ọ̀dà wúrà kun ún.

Ọjọ́ kẹfà: igi

Igi tíìkì ni, èyí tí wọ́n gbìn ní oko ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, tó ti gbẹ lábẹ́ òrùlé fún ọdún kan. Ìrókò wà lọ́wọ́, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n òkúta funfun máa ń wà nínú rẹ̀ tí ń ba ẹnu ayùn jẹ́, àwọn àgbà ilé náà kò sì fẹ́ kí a gé ìrókò sínú pálọ̀. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, kò dára níbí rárá. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ jáde fún ọdún púpọ̀, nínú àpótí tó dé pa kò síbi tó máa lọ ju ara irin lọ.

Inú àpótí: gíga 92 cm, fífẹ̀ 24 cm, jíjìn 22 cm. Òpó mẹ́rin, 2.5 cm níbùú lóròó. Ìsàlẹ̀ jẹ́ àpótí kékeré 32 × 30 cm, gíga 7 cm, tí àpótí ìfà kan wà nínú rẹ̀, 22 × 20 × 4 cm, fún ohun tí ń fa ọ̀rinrin. Láàárín ìfà àti ibi tí ògùṣọ̀ dúró sí, pákó tí a lu ihò 24 sí, 8 mm ìkọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá.

Ìkọ́bọ̀ igi sínú igi la fi so gbogbo rẹ̀, kò sí ìṣó. Tíìkì ní epo nínú. Gọ́ọ̀mù funfun kì í dì í mú bí a kò bá kọ́kọ́ fi acetone nu ojú ìsopọ̀, kí a sì lẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ kó pẹ́. Ìsopọ̀ méjì àkọ́kọ́ tí a kò nù dáadáa ṣí lọ́jọ́ kejì nígbà tí a fi ọwọ́ yí i. A tún wọn ṣe.

Gíláàsì 4 mm. Fèrè inú òpó, ìyẹn ojú ihò gígùn tí etí gíláàsì ń wọ̀: fífẹ̀ 5 mm, jíjìn 8 mm. Gíláàsì iwájú: 25.4 × 93.4 cm, ẹ̀gbẹ́ méjì: 23.4 × 93.4 cm. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó wọ fèrè ní 7 mm, 1 mm sì kù ní apá kọ̀ọ̀kan. Àyè kékeré yẹn ṣe pàtàkì. Igi máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Gíláàsì kì í ṣe èyíkéyìí. Àpótí tí gíláàsì bá há mọ́ nígbà ọyẹ́ yóò fọ́ nínú oṣù kẹfà. Gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wúwo bíi 6.7 kg, nítorí mítà kan níbùú lóròó gíláàsì 4 mm jẹ́ 10 kg.

Àpótí gíga tó wúwo lókè lórí ìsàlẹ̀ 32 cm, ọmọdé kan ti tó láti dà á. A fi àwo irin 28 × 26 cm, nínípọn 8 mm, sí abẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, lóde ibi tí afẹ́fẹ́ ògùṣọ̀ wà, bí 4.6 kg ni. A kun ún lẹ́ẹ̀mejì kó má dípẹtà. Súkúrù méjì sì so ìsàlẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó gbé e.

Ẹ̀yìn jẹ́ tíìkì 12 mm, súkúrù M4 mẹ́fà tí kì í dípẹtà ló dì í mú. Ibẹ̀ ni a ó máa gbà ṣí i. Gbogbo ara igi tó kọjú sí inú, a fi bébà aluminiọ́mù tí wọ́n fi ń wé ẹja bò ó, torí tíìkì pàápàá ní ásíìdì díẹ̀ tó ń mí jáde. A kò fi fánísì kankan kun inú. Òde gba òróró lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó lẹ̀ gíláàsì mọ́ fèrè ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Sílíkónì àkọ́kọ́ tí wọ́n rà ń rùn bíi fínígà. Òórùn fínígà ni ásíìdì fínígà gan-an, ó sì ṣì ń rùn lẹ́yìn ọjọ́ méje. A yọ gbogbo rẹ̀, a fi abẹ ha fèrè mọ́, a sì ra èyí tí wọ́n kọ "neutre" sí lára. Ìyẹn náà gba ọ̀sẹ̀ méjì ní ṣíṣí sílẹ̀ kí ògùṣọ̀ tó wọlé. Ẹ fi imú dán an wò: bí ó bá rùn kíkan, kò wọlé.

Ibi ìdúró

Nítorí pé ó fẹjú lókè, ògùṣọ̀ yìí kò fẹ́ dúró fúnra rẹ̀. A fi páálí gba ìrísí ìdí rẹ̀, a gé e títí ó fi bá a mu láì há, a sì gbẹ́ kòtò onígun mẹ́ta sínú tíìkì, jíjìn 15 mm, ó fi 3 mm tóbi jù ú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn tuntun, nínípọn 3 mm, ló kún àyè náà. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kò ṣeé lò. Láàárín ọdún díẹ̀ ó di ìyẹ̀fun tó ń lẹ̀. Rọ́bà dúdú ní imí ọjọ́ nínú. Ní 50 cm sókè, apá kan tó ṣí ní iwájú, tíìkì tí a fi fóòmù kan náà bò, ni ó fara tì. Kò sí ohun tó dì í mú, kò sì sí irin tó kàn án níbì kankan.

Ọ̀rinrin

Inú àpótí jẹ́ bíi lítà 48.6. Ìwọ̀n tí àwọn olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò fún silica gel, hóró tó ń fa ọ̀rinrin, jẹ́ 20 kg fún mítà kan níbùú, lóròó àti nígíga, nítorí náà 1 kg tó fún wa. A ra 2 kg: ọ̀kan nínú ìfà, ọ̀kan nínú ike tó dé pa, kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn. Ẹ ra èyí tó pọ́n bí ọsàn, tó ń di àwọ̀ ewé bó bá mu omi yó. Èyí aláwọ̀ aró ní kóbáltì tó léwu fún ẹni tó ń fọwọ́ bù ú. Láti gbẹ ẹ́, ooru 120 °C fún wákàtí mẹ́ta. Ààrò oníbúrẹ́dì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ búrẹ́dì. Ó máa jó àwọ̀ rẹ̀, ẹ kò ní mọ ìgbà tó yó mọ́. Ìrẹsì gbígbẹ tí wọ́n ń rọ sínú fóònù tó bọ́ sómi kò wúlò níbí, kòkòrò ló máa pè wá.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, ẹ má gbà á gbọ́ kí ẹ tó dán an wò. Ìdérí ìgò kan tó kún fún iyọ̀, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kó rí bí ẹrẹ̀, ẹ gbé òun àti ẹ̀rọ náà sínú ọ̀rá tó dé pa fún wákàtí mẹ́wàá. 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ kà. Tiwa ka 68, nítorí náà a kọ "+7" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà tí a fẹ́ ni 50 tàbí kó dín. Ní pálọ̀ yẹn, 80 kì í ṣe nǹkan bàbàrà láti oṣù karùn-ún lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún nínú àpótí, 46.

Àpótí dúró ní 10 cm sí ògiri ẹfun yẹn. Kò sí lójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà, kò sì sí lórí fìríìjì. Iná LED wà lóde, kò wọnú.

Aṣọ

Aṣọ funfun onílà wúrà tí wọ́n wọ̀ sáré náà wà. Kò wọ inú àpótí kan náà. A fọ̀ ọ́ nínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, a tẹ́ ẹ gbẹ nínú ilé, a yí bébà funfun sínú ibi tó ká kó má baà dá ìlà, ó sì wà nínú àpótí páálí lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Kánfọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi hàn, ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún, níbi tí oòrùn kò ti tó.

Fún àwọn tí tiwọn yàtọ̀: ti Athens 2004 jẹ́ magnesium àti igi ólífì, omi kò gbọdọ̀ kàn án, ti Paris 2024 jẹ́ irin, 1.5 kg, ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n 2,000 péré ni wọ́n ṣe fún bíi 10,000 olùgbéná, nítorí náà ọ̀pọ̀ tó sáré níbẹ̀ kò ní ògùṣọ̀ náà lọ́wọ́.

Èyí tí àlejò yóò máa dì mú

Àlejò kò ní yé bèèrè pé kí àwọn gbé e. Bí a bá sọ pé rárá, ẹnì kan máa ṣí ẹ̀yìn àpótí lọ́jọ́ kan tí onílé kò sí. A gbẹ́ igi kan fún wọn láti inú tíìkì tó kù: 80 cm, ìdí rẹ̀ 3.4 cm, orí rẹ̀ 5.4 cm. Ìṣirò rẹ̀ fún tíìkì tó jẹ́ 0.65 g fún sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóròó àti nígíga mú un dé bíi 804 g, ìyẹn ìwúwo ògùṣọ̀ gan-an, kí ọwọ́ lè mọ ohun tí ọwọ́ sárésáré mọ̀. Róbótó la ṣe é, a kò fún un ní igun mẹ́ta, a kò sì lu ihò kan sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ tà gẹ́gẹ́ bí ògidì.

Òróró tí a fi pa á ní ìwúwo tirẹ̀. Òṣùwọ̀n ìdáná ka 812 g nígbà tó gbẹ tán. A lu ihò 16 mm sí ìdí rẹ̀, jíjìn 9 cm, a sì gbọn ìyẹ̀fun igi jáde: 800.